Okùn ni kí àwọn ọmọ wa kọ́

Ẹ̀yin bàbá wa ìjòyè, ẹ̀yin ọmọ Pira, a kì í ṣe ará etí òkun. Ṣùgbọ́n etí òkun Bẹ̀nẹ̀ gùn tó 121 kìlómítà, ìgbì ibẹ̀ ò sì sinmi rí. Ní Ada, ní Gánà, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì ṣe iná sínú òkun.

Lójú tiwa, okùn tó de ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ tó le. Ẹni tó ń so ewúrẹ́ mọ̀ ọ́n: okùn kúrú jù, á fún un lọ́rùn, ó gùn jù, á jẹ oko olóko. Ẹ̀rọ tó bá já lójú omi lè kọlu ọkọ̀ apẹja. Ní Pọ́túgàlì lọ́dún 2008, ẹ̀rọ Pelamis mẹ́ta ò lò ju bí oṣù méjì lọ kí wọ́n tó fà wọ́n padà.

Ẹlòmíì á ní ilé ìwòsàn ló yẹ ká kọ́kọ́ náwó sí. Òótọ́ ni, àmọ́ ṣé ilé ìwòsàn lè ṣiṣẹ́ láìsí iná? Ọ̀pọ̀ ọdún ni iná Akosombo ti ń ti Gánà wọ Bẹ̀nẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń pinnu ọ̀rọ̀ iná, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n máa gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi owó ẹgbẹ́ ran ọmọ méjì lọ́wọ́, obìnrin kan, ọkùnrin kan, kí wọ́n lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Abomey-Calavi.