Fáwẹ̀lì Gẹ̀ẹ́sì àti Ẹnu Àwọn Ọmọ Wa

A ń bá gbogbo òbí tí ọmọ wọn ń múra ìdánwò WAEC àti JAMB tọrọ àṣeyọrí lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láàárín wa tí ó yẹ kí a dá sí. Àwọn bàbá kan ti ṣòfin nínú ilé pé ọmọ kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá mọ́. Wọ́n ní Yorùbá ni kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ dá ṣáká nínú Gẹ̀ẹ́sì. A mọ ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù. Nínú ìdánwò méjèèjì yìí, wọ́n a máa mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wá, wọn a ní kí ọmọ yan èyí tí fáwẹ̀lì rẹ̀ bá a dọ́gba, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù máàkì. Ṣùgbọ́n kí a tó lé Yorùbá jáde nílé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí fáwẹ̀lì ti ń ti ẹnu jáde.

Fáwẹ̀lì ni ìró tí èémí ń gbé jáde láì sí ohun tí ó dínà fún un lẹ́nu. Ẹ fi ọwọ́ kan ọ̀fun kí ẹ pe 'a', ẹ ó rí i pé ó ń gbọ̀n. Ẹ gbé ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ pe i, e, ẹ, a lọ́kọ̀ọ̀kan: àgbọ̀n ń sọ̀kalẹ̀, nítorí ahọ́n ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ wo dígí, kí ẹ pe ọ, o, u: ètè ń ká roboto, ẹ̀yìn ahọ́n sì ń gòkè. Ohun mẹ́ta yìí ni àwọn onímọ̀ fi ń pín fáwẹ̀lì: bí ahọ́n ti ga tó, bóyá iwájú rẹ̀ ni ó gbé sókè tàbí ẹ̀yìn, àti bóyá ètè ká tàbí ó tẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Daniel Jones ti University College, Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó tẹ ìwé bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1917, yan fáwẹ̀lì 8 gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tí a ó máa fi wọn ti èdè gbogbo. Ẹ gbọ́ o: 7 nínú 8 náà ni ó sún mọ́ i, e, ẹ, a, ọ, o, u tiwa pẹ́kípẹ́kí. Òṣùwọ̀n yìí ni bàbá fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ.

Lẹ́tà fáwẹ̀lì Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 5, ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì gúúsù England tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa ń tẹ̀ lé, ìró wọn tó 20: 12 dúró lójú kan, 8 ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn, bí ti 'boy' àti 'house'. Àwa ará rélùwéè mọ wàhálà tí í bá ni bí pèpéle bá jẹ́ 5, tí ọkọ̀ sì jẹ́ 20. Ẹ wo lẹ́tà 'a' nínú 'cat', 'father', 'call', 'name', 'any' àti 'about': ìró 6 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Ní ayé àtijọ́, 'a' gígùn ni wọ́n ń pè nínú 'name'. Láàárín nǹkan bí 1400 sí 1700 ni fáwẹ̀lì gígùn wọn ṣí nípò, ṣùgbọ́n ìwé títẹ̀ ti dé England ní 1476, àkọsílẹ̀ sì ń fìdí múlẹ̀ nígbà tí ẹnu ṣì ń rìn lọ.

Ibi tí ó le jù fún wa ni àárín ẹnu. 'Shirt', 'nurse' àti 'church', fáwẹ̀lì kan náà ni àwọn Òyìnbó ń pè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwa sọ ọ́ di ṣẹ́ẹ̀tì, nọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí kò sí àyè fún un láàárín 'ẹ' àti 'ọ' wa, ni a bá fún un ní ìjókòó tí a rí. Kí ọmọ pe 'ẹ', kí ó fa ahọ́n sẹ́yìn díẹ̀ láì jẹ́ kí ètè ká, kí ó sì fà á gùn. Ó ti dé ibẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tí kì í gùn ni ó wà ní ìparí 'teacher', 'doctor' àti 'motor', tí àwa pè ní tíṣà, dókítà, mọ́tò. Ó wọ́pọ̀ ju gbogbo fáwẹ̀lì Gẹ̀ẹ́sì lọ, síbẹ̀ kò ní lẹ́tà tirẹ̀.

Ní ti 'ship' àti 'sheep', àwọn ọmọ tí a bí sí Sábọ́n Gàrí ní Kánò ní àǹfààní kan. Nínú Haúsá, bí 'a' inú 'gari' bá kúrú, ìlú ni; bí ó bá gùn, ìyẹ̀fun ni. Etí wọn ti mọ gígùn àti kíkúrú. Ṣùgbọ́n gígùn nìkan kò tó, nítorí fáwẹ̀lì 'beat' kì í gùn tó ti 'bead', bẹ́ẹ̀ ìkan náà ni wọ́n. Kí ọmọ pe 'i' Yorùbá gan-an fún 'sheep'. Fún 'ship', kí ó dẹ ahọ́n, kí ó jẹ́ kí ó rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà 'e'. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, dígí kékeré kan tó fún ìdánrawò yìí, bàbá tí kò kàwé pàápàá sì lè jókòó tì í kí ó máa ka i, e, ẹ, a fún un.

Ọ̀rọ̀ kọ́ńsónáǹtì di oṣù tí ń bọ̀.