Aláìsàn Ni Ó Ń Lo Oògùn

Ọ̀ràn àwọn ọlọ́mọ́tò ni ó kàn lóṣù yìí.

Ọ̀kan nínú wa gbé mọ́tò rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń ta mọ́tò, kí wọ́n bá a pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ìwé tí wọ́n kọ fún un kún fún iṣẹ́ mìíràn: páàdì bíréèkì, fífọ inú ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì jíà. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni ìbá fi san án. Ó ní òun ń bọ̀. Mẹkáníìkì mìíràn wọn páàdì náà. Ó ku mìlímítà 8.

Páàdì tuntun a máa tó mìlímítà 10 sí 12. Bí ó bá ku 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíá, nítorí ẹ̀mí ju owó lọ. A kò pe gbogbo wọn ní olè. Ṣùgbọ́n níbòmíràn, ẹni tí ó ń kọ ìwé iṣẹ́ a máa rí èrè lórí ohun tí ó bá tà.

Nítorí náà, ẹ ka ìwé tí ó bá mọ́tò wá. Àsìkò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí ó bàjẹ́ hàn yín. Ẹ gba iye owó ní kíkọ kí wọ́n tó tú ohunkóhun. Ẹ gba páàtì àtijọ́ padà. Bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018 wà; ẹ fi ẹjọ́ sun FCCPC.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.