Ògbufọ̀ kan ò tó: "Ọlọ́run á san án fún ẹ" kì í ṣe owó iṣẹ́

1/
Ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi nínú ó ti pẹ́, mo sì mọ̀ pé àwọn kan máa bú mi lórí ẹ̀. Kò burú. Mo fẹ́ sọ ìdí tí mi ò fi ní í dá nìkan ṣe ògbufọ̀ fún adití mọ́ níbi ayẹyẹ kankan, ìbáà jẹ́ fún ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ràn jù láyé.

2/
Fún ẹni tí kò mọ̀ mí: Ọ̀fà ni mò ń gbé, fídíò ni mo fi ń jẹun. Ọ̀rẹ́ mi yìí, ayàwòrán ni, adití sì ni. Nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, tí wọ́n fi wá sílé fún oṣù 8, ẹ̀yìnkùlé wọn ni mo ti kọ́ èdè tí àwọn adití ń fọwọ́ sọ. Òun ló kọ́ mi. Mi ò gba ìwé ẹ̀rí kankan lórí ẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

3/
Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè é síbi àfihàn iṣẹ́ ọnà kan n'Ílọrin. Wọ́n ní kó kó àwòrán 6 wá. Ó bi wọ́n lórí WhatsApp pé ṣé ògbufọ̀ máa wà níbẹ̀. Èsì wọn: "Ṣebí ọ̀rẹ́ ẹ yẹn máa tẹ̀ lé ẹ?"

Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn. Èmi nìyẹn o.

4/
Aago mẹ́wàá àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn àlejò pàtàkì, ìbéèrè, àwàdà MC, gbogbo ẹ̀ èmi ni. Ẹ gbọ́, iṣẹ́ ògbufọ̀ kì í ṣe kéèyàn kàn máa ju ọwọ́. Ò ń gbọ́ gbólóhùn kan, ò ń fọwọ́ sọ èyí tó ṣáájú ẹ̀, ò ń wojú ẹni tó ò ń sọ ọ́ fún bóyá ó yé e. Tó bá fèsì, wàá tún sọ ọ́ di ohùn. Ọpọlọ èèyàn ni, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀.

5/
Nígbà tó máa fi di aago mẹ́ta, mi ò tíì jẹun. Bàbá kan dúró síwájú àwòrán tó tóbi jù, ti ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ọ̀fà. Ó béèrè iye ẹ̀ lédè òyìnbó. Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ sọ pé 80,000. Ẹnu tèmi sọ pé 18,000.

Bàbá yẹn ò ná an rárá. Ó fowó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n bá a gbé àwòrán sínú mọ́tò. Álẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù ọ̀rẹ́ mi. Ó wo fóònù, ó wò mí.

6/
Ká tó sáré jáde, ó ti lọ. Nígbà tí wọ́n bá wa pè é, ó ní ẹnu wa la fi dá iye lé e. Irọ́ kọ́ ló pa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọ̀rẹ́ mi fi kun àwòrán yẹn. 18,000 ò tó owó ọ̀dà àti aṣọ tó fi yà á.

7/
Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tá a wọkọ̀ padà s'Ọ́fà. Mò ń sunkún, mò ń bẹ̀ ẹ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀, ó gbé e lé itan, kí n lè rí ọwọ́ ẹ̀. Ohun tó sọ nìyí:

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bínú sí. Kí ló dé tó jẹ́ ìwọ nìkan?"

8/
Ìbéèrè yẹn ni mò ń bi gbogbo yín lónìí.

Ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ògbufọ̀ méjì, ó kéré tán, ló máa ń jókòó sídìí èdè kan, wọ́n á máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra. Bẹ́ẹ̀ náà ni tàwọn tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n bá ti mọ iṣẹ́ ọ̀hún níṣẹ́: ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹnì kejì á gbà á. Wọn ò ṣe é nítorí ọ̀lẹ. Tí ọpọlọ bá ti rẹ̀, àṣìṣe ń bọ̀, ẹni tó ń ṣe é gan-an kì í sábà mọ̀ pé òun ń ṣe é. Èmi tí mo sọ 18 yẹn, ó dá mi lójú pé 80 ni mo sọ.

9/
Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "ìsinmi, ìlera ọpọlọ, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Instagram nìyẹn," ẹ gbọ́ mi dáadáa. Àárẹ̀ mi kì í ṣe tèmi nìkan. Orí fàdákà ni mo fi sùn lọ́jọ́ yẹn, mo jí, ó lọ. Ọ̀rẹ́ mi ló pàdánù 62,000.

10/
Ẹ̀yin ará ibi kejì náà, mi ò ní í fi yín sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ fún mi pé "jáwọ́ nínú ohunkóhun tó bá ń gba àlàáfíà ẹ." Tí mo bá jáwọ́, ta ló máa dúró níbẹ̀? Adití tó jẹ́ kọ́ ló rẹ̀ mí. Dídá tí mo dá wà níbẹ̀ ló rẹ̀ mí. Mi ò nílò kí n sá fún un. Mo nílò ẹnì kejì. Ìsinmi tí mò ń wá nìyẹn, orúkọ ẹnì kejì nínú ìwé ètò, owó ẹ̀ sì wà níwájú orúkọ ẹ̀.

11/
Ó kù èyí tó dùn mí láti sọ. Mo gbádùn ẹ̀. Mo gbádùn bí wọ́n ṣe ń pè mí ní áńgẹ́lì. Fídíò tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ fún un, àwọn tó wò ó pọ̀ ju àwọn tó wo àwòrán ẹ̀ fúnra ẹ̀ lọ. Ó sọ fún mi nígbà kan pé: "Ojú mi ló wà nínú fídíò, orúkọ tìẹ ló wà lẹ́nu wọn." Mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ló ń sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa rí òun bí áńgẹ́lì, kò ní í béèrè fún ẹnì kejì. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà.

12/
Áńgẹ́lì wo gan-an? Ẹ lọ ka ìtàn Andrew Foster. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, láti ọmọ ọdún 11 ni kò ti gbọ́ràn mọ́. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó dé Ìbàdàn ní 1960, iye tó dá sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà kó tó kú ní 1987 lé ní 30. Púpọ̀ nínú ohun tí ọwọ́ mi ń sọ lónìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Adití ló gbé èdè yìí wá fún wa. Àwa tá a ń gbọ́ràn, akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni wá.

13/
Wọ́n á ní "iṣẹ́ àánú ni." Ẹ rántí Kòkòrò, olórin afọ́jú ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń lu sámbà ní títì Èkó. Cyprian Ekwensi kọ ìwé The Drummer Boy ní 1960 látara ayé ẹ̀. Ọkùnrin náà lókìkí títí tó fi kú ní 2009. Síbẹ̀ títì ló ti ń kọrin fún àwọn tó ń kọjá. Àánú ò di owó iṣẹ́ láéláé.

Ẹ tún wo ọmọ kékeré tó ń di ọ̀pá mú fún afọ́jú lọ́jà Ọwọ́dé. Òun náà ń ṣiṣẹ́. Ta ló ń béèrè bóyá ó lọ sílé ẹ̀kọ́ lónìí? Ibẹ̀ la ti kọ́ ọ pé ẹni tó ń ran àkàndá ẹ̀dá lọ́wọ́ kò ní ebi, kò ní oorun.

14/
Ó ṣeé ṣe lọ́nà mìíràn. Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, àìsàn ọ̀pá ẹ̀yìn mú un lọ́mọ ọdún 18, ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀ kan rọ. Lónìí, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń bá a fọwọ́ ṣe ohun tí ọpọlọ ẹ̀ bá rò. Kò fi pamọ́. Wọ́n tò ó mọ́ àwọn tó du Turner Prize ní 2004. Kò sẹ́ni tó ń sọ fáwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ pé Ọlọ́run á san án fún wọn.

Ní Britain, ètò ìjọba kan wà, Access to Work, tó ń san owó ògbufọ̀ àtẹni tó ń ran àkàndá lọ́wọ́ níbi iṣẹ́. Àwọn ibẹ̀ náà ṣì ń kígbe pé ó ń falẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí wọ́n ń kígbe lé lórí.

15/
Àwa náà lófin o. Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ka yíya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní January 2019. Ilé iṣẹ́ tó bá rú u, mílíọ̀nù kan náírà. Ọdún 5 ni wọ́n fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń lò láti tún ara wọn ṣe. Ọdún 5 yẹn ti pé ní 2024. Níbi tá a lọ n'Ílọrin, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé oníṣẹ́ ọnà kan tòun ti àga onítáyà ẹ̀ gun àtẹ̀gùn, MC wá ní ká pàtẹ́wọ́ fún wọn. A sì pàtẹ́wọ́.

16/
"Owó dà?" Ẹ sanwó gbọ̀ngán. Ẹ sanwó DJ. Ẹ sanwó ẹni tó ń fi dírónù ya fídíò lókè.

"Ṣé o máa gbowó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ?" Rárá. Nílé wọn, mo lè bá a jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè é ni mo fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ẹ̀.

17/
Èyí tó lágbára jù nínú ohun tí wọ́n ń sọ: "Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di owó ńlá, a ò ní í pe adití mọ́." Ó dáa. Ẹ sọ fún mi, kí ni makirofóònù ń ṣe níbi ayẹyẹ yín? Kí ni sípíkà àti jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé e ń ṣe? Àwa tá a ń gbọ́ràn lẹ ṣe wọ́n fún, kí ọ̀rọ̀ lè dé etí wa. Kò sẹ́ni tó tíì sọ pé àwa tá a ń gbọ́ràn ti wọ́n jù láti pè. Ògbufọ̀ ni sípíkà ọ̀rẹ́ mi.

18/
Ohun tí mò ń béèrè:
– Ògbufọ̀ méjì, níbikíbi tí ètò bá ti kọjá wákàtí kan.
– Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀. Federal College of Education (Special) wà l'Ọ́yọ̀ọ́, láti 1977 ló ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ àkàndá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yín níbẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ọ lẹ́yìnkùlé, ẹ fi mí ṣe ìkẹta.
– Ẹ bi oníṣẹ́ ọnà fúnra ẹ̀ léèrè ta ló fẹ́. Ẹ má kàn máa pe ọ̀rẹ́ ẹ̀.
– Ẹ kọ iye àwòrán sílẹ̀ lóǹkà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

19/
Ọ̀fà la ti mọ ìjàkadì. Ẹni tó bá ti jà á mọ̀ pé ẹni tó rẹ̀ kì í gbé ọ̀rẹ́ ẹ̀ níjà, àfi kó ṣubú lù ú. Mo ti ṣubú lu tèmi lẹ́ẹ̀kan. Ẹnì kan kì í jẹ́ "àwá dé."

20/
Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá mọ̀ tó ń ṣètò àfihàn tàbí ayẹyẹ.

Ọ̀rẹ́ mi ti tún ibùdó ọkọ̀ ojú irin yẹn yà. Ọ̀dà ẹ̀ ti gbẹ. Iye ẹ̀ wà lára àwòrán, òun fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́: 80,000.