Ibi ọmọ ewúrẹ́ kì í ṣe oúnjẹ ajá
Bí òtútù àyà bá muni, ọyẹ́ la máa ń dá lẹ́bi. Èmi ò gbà pé ọyẹ́ nìkan ni. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Coxiella burnetii máa ń pọ̀ nínú ibi ọmọ ewúrẹ́ àti àgùntàn tó bá ní àrùn rẹ̀. Bó bá gbẹ, á di eruku, a ó fà á símú. Ní Họ́láńdì, láti 2007 sí 2010, ó mú èèyàn tó lé ní 4,000. Ọ̀pọ̀ wọn ò sin ewúrẹ́ rárá, afẹ́fẹ́ ló gbé e bá wọn. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn. Aláboyún ò gbọdọ̀ gbẹ̀bí ẹran o, oyún lè bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ pé ẹ ń sin ẹran. Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, ibà lásán ni wọ́n á máa wò.