‘Aṣàlọ́kọ̀ọ̀kan’ Ni, Kì í Ṣe ‘Atúnṣe’

Èdè-ìperí kan ń tàn ká láàárín àwa tí a ń fi èdè Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìlú Ọ̀fà, ó sì yẹ kí a tètè gbé e yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà ni ‘atúnṣe’, èyí tí àwọn kan fi túmọ̀ ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ‘iterator’. Èrò tèmi ni pé ìtumọ̀ náà kò dára, àti pé aburú rẹ̀ kò mọ sórí ìwé nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó kà á gbà pé iṣẹ́ ohun náà ni láti tún nǹkan ṣe. Nítorí náà, ètò tí ó kọ ń pa àwọn ohun tí a ní kí ó wò lásán rẹ́. Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ fún un ni ó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí a ń wá orúkọ fún. Ká ní olùkọ́ kan ní akẹ́kọ̀ọ́ 64, tí ó sì fún wọn ní nọ́ńbà láti 0 títí dé 63. Dípò kí ó kọ orúkọ àwọn tí ó wá sí kíláàsì sílẹ̀, ó lè lo bíìtì 64 péré. Bíìtì ọmọ tí ó wá yóò tàn, ti ẹni tí kò wá yóò sì kú, gẹ́gẹ́ bí iná ti ń tàn tí ó sì ń kú. Ọ̀wọ́ bíìtì nìyí. Kò gba àyè, ó sì yára: bí a bá fẹ́ mọ àwọn tí ó wá ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ó fi ọ̀wọ́ méjèèjì wéra ni. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá fúnra rẹ̀ ṣe irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀, ohun kan yóò ṣì kù: kò sí bí ó ṣe lè sọ fún un pé, ‘Mú àwọn tí ó wá fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.’ Ohun tí a ó fi kún un láti ṣe èyí ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé 3, 10 àti 41 ni ó wá, yóò mú 3 wá, lẹ́yìn náà 10, lẹ́yìn náà 41, yóò sì sọ pé ó tán.

Nínú gbogbo èyí, kí ni ó tún ṣe? Èdè Látìn ni ó dá ìṣòro náà sílẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bá ‘iterum’ tan, èyí tí ó túmọ̀ sí ‘lẹ́ẹ̀kan sí i’. Barbara Liskov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT lo orúkọ náà nínú èdè CLU ní àárín àwọn ọdún 1970. Ẹni tí ó bá wo ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan yóò sáré mú ‘tún’. Ṣùgbọ́n nínú èdè Yorùbá, ẹni tí ó tún bàtà ṣe kò ṣe bàtà lẹ́ẹ̀mejì; ó mú un bọ̀ sípò ni. ‘Awítúnwí’ kò sàn jù ú lọ, nítorí pé àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti ń lo ‘àwítúnwí’ fún iṣẹ́ tiwọn. Mo tilẹ̀ ti gbọ́ ‘akàn’, láti inú ‘ó kàn ọ́’. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ tí kò ní rántí ọbẹ̀?

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá iṣẹ́ náà mu ni ‘ṣà’. Ẹni tí ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ kì í fọwọ́ kan gbogbo hóró. Ojú rẹ̀ ń fo èyí tí ó dára, òkúta ni ó ń mú, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí ó rí pẹ̀lú bíìtì. Òpè yóò béèrè ìbéèrè 64, ‘Ṣé 0 wá? Ṣé 1 wá?’, nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọ mẹ́ta péré ni ó wá. Ọ̀nà tí ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wà tipẹ́. Peter Wegner fi ka iye bíìtì tí ó tàn nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1960. A ó yọ 1 kúrò nínú nọ́ńbà náà, a ó fi èsì rẹ̀ wé nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀, a ó sì mú kìkì àwọn bíìtì tí ó tàn nínú méjèèjì. Ẹ mú 12, tí í ṣe 1100 ní ìlànà oníméjì. Òdo méjì ni ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún bíìtì títàn tí ó kéré jù lọ, nítorí náà ipò 2 ni ó wà. Bí a bá yọ 1, yóò ku 11, tí í ṣe 1011. Ohun tí ó tàn nínú méjèèjì ni 1000, ìyẹn 8. Bíìtì tí ó kéré jù lọ ti kúrò, ipò 3 ni ó kàn. Ìgbà mẹ́ta ni a ó ṣe èyí fún ọmọ mẹ́ta. Inú ẹ̀dà ni a ti ń yọ ọ́ o, kì í ṣe inú ọ̀wọ́ gan-an. Níbẹ̀ ni àtẹ ẹ̀wà àti ọ̀wọ́ bíìtì ti yàtọ̀. ‘Aṣàlọ́kọ̀ọ̀kan’ ni mo dábàá.

Ohun kan wà tí ‘ṣà’ kò sọ, tí ó yẹ kí a kọ mọ́ àlàyé rẹ̀: ta ni yóò ṣáájú? Odù Ifá ni àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù lọ. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé, ìdí sì nìyẹn tí Odù fi jẹ́ 256. Ṣùgbọ́n babaláwo kì í to Odù bí kọ̀ǹpútà ti ń to nọ́ńbà. Bí a bá fi àmì kan ṣe 0, tí a fi àmì méjì ṣe 1, 0000 ni Ogbè, 1111 ni Ọ̀yẹ̀kú, 1001 ni Ìwòrì, 0110 ni Òdí. Ìyẹn 0, 15, 9, 6. Lójú oníṣirò, ó dà bí ẹni pé wọ́n kàn dà wọ́n sílẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ètò náà dúró gbọn-in, nítorí pé ipò àgbà ni ó ń tẹ̀ lé. Aṣàlọ́kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ètò tirẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú yá ‘iterator’ gẹ́gẹ́ bí a ti yá ‘bíìtì’. Èmi kò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. ‘Bíìtì’ kúrú, ó rọ̀ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá sì ni fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá: Claude Shannon, tí ó lò ó nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní 1948, sọ pé John Tukey ni ó dá a. Ṣùgbọ́n kí a yá orúkọ iṣẹ́ tí a ń ṣe nínú ilé ìdáná lójoojúmọ́, èyí ti pọ̀ jù. Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí, ti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá méjèèjì, ti 1984 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ àti ti 1990 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, dá lórí ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Apá tiwa ni ó ṣófo.

Iṣẹ́ méjì ni aṣàlọ́kọ̀ọ̀kan ń ṣe, wọ́n sì nílò orúkọ pẹ̀lú. Fún ìbéèrè bóyá nǹkan ṣì kù, ‘ó-kù’ tó. Fún mímú òmíràn wá, ‘èyí-tí-ó-kàn’ ni mo fara mọ́, kí ọgbọ́n àwọn onígbèjà ‘akàn’ má baà ṣòfò. Ní ti ọmọ tí ó pẹ́ dé, tí bíìtì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn nígbà tí a ti ń pe orúkọ lọ́wọ́, kí a kọ ọ́ sínú àlàyé pé ẹ̀dà tí a ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ni aṣàlọ́kọ̀ọ̀kan ń lò. Nọ́ńbà rẹ̀ yóò jáde nígbà tí a bá tún orúkọ pè.