Níbo ni owó láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ń gbà lọ?

Ọdọọdún ni awakọ̀ tó ń kó iṣu àti pákí láti Ìlúà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, lọ sí Òkèhò àti Ìṣẹ́yìn gbọ́dọ̀ tún láísẹ́ǹsì ọkọ̀ rẹ̀ gbà. Èrò ọ̀pọ̀ awakọ̀ àti àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń bá gbé ẹrù ni pé owó yìí ni wọ́n fi ń sanwó àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà, òun náà ni wọ́n sì fi ń dí kòtò. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Òfin ọdún 1998 tó pín owó orí àti owó òde fún ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi owó ojú ọ̀nà sí ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Owó gáréèjì, owó kẹ̀kẹ́ àti owó ọmọlanke ló fi sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀. Ìbàdàn ni owó láísẹ́ǹsì ń lọ. Bó bá sì ti débẹ̀, abala 120 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ní kí ó wọ inú àpò gbogboogbò ìpínlẹ̀, àfi bí òfin mìíràn bá yà á sọ́tọ̀. Inú àpò kan náà ni owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àti owó ọ̀dà títì ti ń jáde. Kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí náírà kan níbẹ̀ pé ti ọlọ́kọ̀ Ìlúà nìyí.

Àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ló ń sanwó oṣù ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n dá àkànṣe àpò owó sílẹ̀ fún wọn lọ́dún 2019, inú owó tí gbogbo ìjọba jọ ń pín àti èrè àwọn iléeṣẹ́ ni òfin ní kí wọ́n ti máa bù ú. Ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó náà kò yàtọ̀. Àwọn àgbà á rántí pé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti ní tirẹ̀ láti ọdún 1977, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká dá sílẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ lọ́dún 1988. Àmọ̀tẹ́kùn, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020, ló súnmọ́ owó láísẹ́ǹsì jù, nítorí àpò ìpínlẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Ní California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àpò ọ̀tọ̀ ni owó ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ ń wọ̀, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí ọlọ́pàá òpópónà wọn ń ná ti ń wá. Nàìjíríà náà ti gbìyànjú ohun tó jọ ọ́. Lọ́dún 2007, òfin ní kí wọ́n máa gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí epo bẹntiróò àti dísù fún àtúnṣe títì: ìdá 40 nínú rẹ̀ fún FERMA, ìdá 60 fún àwọn ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, wọn kò gbà á. Òfin owó orí ọdún 2025 tún gbé ìdá márùn-ún lórí epo dìde, ó ní ó di ìgbà tí mínísítà ètò ìnáwó bá kéde rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá fúnra wọn ní kí ọlọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan san ₦5,375 fún ìforúkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù keje ọdún 2024, ariwo sọ, wọ́n sì dá a dúró. Kò yani lẹ́nu. Ta ni yóò fẹ́ san owó kejì nígbà tí kò rí ohun tí àkọ́kọ́ ṣe?

Òfin 1998 yẹn kan náà ka dídí ọ̀nà láti gba owó orí tàbí owó òde léèwọ̀. Wíwo ìwé ọkọ̀ yàtọ̀ sí gbígba owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì yẹ kí àwọn awakọ̀ Kájọlà mọ ìyàtọ̀ náà.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ọ̀yọ́ lágbára láti ya owó láísẹ́ǹsì sọ́tọ̀ fún ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Ìbàdàn ni ọkọ̀ pọ̀ sí jù. Bí wọ́n bá ní kí àgbègbè kọ̀ọ̀kan máa ná èyí tó pa wọlé, owó táṣẹ́rẹ́ ni yóò dé Òkè-Ògùn, tí ọ̀nà rẹ̀ gùn, tí oúnjẹ tí Ìbàdàn ń jẹ sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Gígùn ọ̀nà àti ẹrù tó ń gba orí rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi pín in, kì í ṣe iye ọkọ̀ nìkan.