Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Ọwọ́ Aláìsàn Nínú Ilé Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nínawọ́ mú nǹkan kò jọ iṣẹ́ lójú ẹni tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlù mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń yẹ ọ̀ràn yìí wò. Ní 1954, Paul Fitts ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ohun tí a ń nawọ́ sí bá ti kéré tó, tí ó sì jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe pẹ́ tó kí ọwọ́ tó bà á. Inú yàrá àyẹ̀wò ni a ti ń ṣe púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lónìí, irinṣẹ́ kékeré tí a ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ bí aago lè ka bí apá ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́.

Èrò tèmi ni pé kí àwọn oníṣègùn wa máa lò ó. Ẹ wo aláìsàn tí ń gbé ní Abraham Adésànyà Estate ní Àjà. Láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà kì í ṣe ìrìn kékeré nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Níwájú dókítà, yóò sapá gbé ọwọ́ náà sókè. Bí ó bá délé, ọwọ́ tó le ni yóò fi jẹun. Èyí tí kò lágbára yóò máa sinmi lórí itan. Bẹ́ẹ̀ ni Edward Taub ti fi hàn pé ọwọ́ tí a bá pa tì, ara a máa kọ́ láti má lò ó mọ́.

Lóòótọ́, irinṣẹ́ náà lè ka jíju apá nígbà tí a ń rìn mọ́ iṣẹ́. Nítorí náà, yàrá àyẹ̀wò ṣì wúlò. Ṣùgbọ́n ohun tí aláìsàn lè ṣe ni a ń rí níbẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe gan-an, ilé ni a ti ń rí i.

Ẹ̀yin ará ilé, bí oníṣègùn yín bá fọwọ́ sí i, ẹ gbé ife tí kì í fọ́ síbi tí ọwọ́ tí kò lágbára náà lè dé. Ẹ kọ iye ìgbà tí ó nà án lóòjọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ fún dókítà. Ẹ má ṣe fa apá náà o!